Ẹni Tó Bá Tún Ọkọ̀ Ṣe Ni Yóò Kọ́kọ́ Wọ̀ Ọ́

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ síwájú ìyá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi ọṣẹ wẹ̀, síbẹ̀ dísẹ́ẹ̀lì ló ń rùn lára mi. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ pọ́ǹpù ẹ́ńjìnnì rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Abẹ́ èékánná ni òórùn náà máa ń kọ́lé sí, tó bá sì di pé o wà níwájú ènìyàn pàtàkì, ibẹ̀ ni yóò ti yọjú wá kí wọn.

Ojòwò ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, lọ́rì tó ń kó gẹdú ló sì pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Mi ò kàwé lọ títí. Ìwé mẹ́ta girama ni mo dúró sí, nítorí pé èmi àti ìṣirò jà, ìṣirò sì lù mí. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, ẹnu mi ò kéré rárá. Mo máa ń sọ fáwọn awakọ̀ pé kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí n gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́, màá sọ àìsàn tó ń ṣe é. Ẹnu yìí náà ni mo gbé dé Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí wọ́n pè mí sí láti wá wo jẹnẹrétọ̀ ilé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbé. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọmọbìnrin náà. Ó ku ọdún kan kó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó gbé àga jáde, ó jókòó tì mí, ó ń bi mí pé kí ni tibí, kí ni tọ̀hún, bí ẹni pé ó fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tó sọ fún mi pé ọmọ etí omi lòun, láti apá Ìwopin, pé ìyá òun ló ni ọkọ̀ onípákó kan tó ń kó èrò sọdá ọ̀sà, ẹnu mi tún yọ. Mo ní omi kì í ṣe nǹkan kan lójú mi. Mo ní mo ti la odò Ọ̀ṣun já rí, láti bèbè kan dé ìkejì.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ká sọ òótọ́, omi tó bá ti kọjá orúnkún, ọ̀tá mi ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo yọ̀ ṣubú sínú odò tí wọ́n ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí lẹ́yìn oko wa. Omi náà ò ju àyà mi lọ, wọ́n sì fà mí jáde kí n tó mu ẹ̀ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbà á gbọ́ dòní pé mo ti jáde.

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wa gbóná, ó di pé kí n lọ fojú han ìyá rẹ̀. Alájà ni gbogbo èbúté ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ti kú, òun ló sì ń bójú tó ọkọ̀ náà. Ọmọ rẹ̀ kìlọ̀ fún mi pé inú ìyá òun ò dùn pé òun tí òun fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì ń tẹ̀lé mọkálíìkì kiri. Ó wá jíṣẹ́ ìyá rẹ̀ fún mi: "Màmá ní ẹ́ńjìnnì àwọn ń ṣàìsàn. Wọ́n ní kó o wá tún un ṣe ná. Tí ọwọ́ rẹ bá tó ẹnu rẹ, lẹ̀yin méjèèjì á ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ sọ̀rọ̀." Ó gba ohùn ẹ́ńjìnnì náà sórí fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí mi. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì péré. Mo ní fááfù orí pọ́ǹpù ló ti gbó.

Fááfù tí mò ń wí yìí, kò ju orí ìka ọmọdé lọ. Orí pọ́ǹpù tó ń ti dísẹ́ẹ̀lì lọ sí ẹ́ńjìnnì ni wọ́n máa ń tò ó sí, mẹ́rin sì ni ti ọkọ̀ Alájà. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bí iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà: kó jẹ́ kí dísẹ́ẹ̀lì kọjá, kó sì tilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀ kíákíá. Tó bá ti gbó, ilẹ̀kùn ò ní í pa dé mọ́, ẹ́ńjìnnì á máa wúkọ́, á máa gbọ̀n, á sì di kí wọ́n máa bẹ̀ ẹ́ láràárọ̀ kó tó jí. Mo ra mẹ́rin tuntun ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo gba Àbìgì, mo dé etí omi kí oòrùn tó mú.

Alájà jókòó sórí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì dúró tì í. Obìnrin kúkúrú ni, ó fi ìbòrí funfun borí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn tútù.

"Ìwọ ni dókítà tó ń wo aláìsàn látorí fóònù?"

"Èmi ni, Màmá."

"Dìde, iyanrìn ò tíì gbẹ. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Màmá." Ebi ń pa mí kú lọ.

"Hùn-ún," ló wí. Ó wo ikùn mi, ó tún wo ojú mi.

Bàbá arúgbó tó ń tukọ̀ fún un ló mú mi lọ síbi tí wọ́n so ọkọ̀ náà mọ́. Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ kan wọ inú rẹ̀ ló mì. Mo di ẹ́ńjìnnì mú bí ẹni pé mo ń yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ṣé wọ́n ti sọ àṣà ibí fún ẹ?" ni bàbá atukọ̀ wí. "Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá tún ọkọ̀ ṣe ni yóò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, kí èrò kankan tó fẹsẹ̀ kàn án."

"Títí dé ibo, Bàbá?"

"Òdìkejì ọ̀sà."

"Òdìkejì tán pátápátá?"

"Àti àbọ̀," ni bàbá dáhùn. "Mọkálíìkì kan ló ṣe iṣẹ́ 'ẹ máa lò ó bẹ́ẹ̀ ná' fún olóògbé, ọkọ Alájà. Ẹ́ńjìnnì kú láàárín omi, òjò dé, èrò ń ké, a ń léfòó kiri látàárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Mọkálíìkì wà nílé tiẹ̀, ó ń jẹ ọ̀jọ̀jọ̀. Láti ọjọ́ náà ni àṣà ti bẹ̀rẹ̀."

Mo ní àṣà tó dára gan-an ni. Mo wo òdìkejì, mi ò rí i. Omi ṣáá ni mo rí.

Mo fi iṣẹ́ bo ojú. Ọlọ́run ló dá a bẹ́ẹ̀ pé bí ọwọ́ mi bá ti kan sípánà, mo máa ń gbàgbé ibi tí mo wà. Mo tú àwọn páìpù tó ti orí pọ́ǹpù lọ sí nọ́sù tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì, mo tú ìdérí fááfù kọ̀ọ̀kan, mo yọ ti àtijọ́ pẹ̀lú sípíríǹgì àti wáṣà rẹ̀. Ìkẹta ti jẹ bí eyín arúgbó. Mo fi dísẹ́ẹ̀lì tó mọ́ fọ àwọn tuntun nínú abọ́. Bàbá atukọ̀ fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, ó bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pé kí n fi nù wọ́n, mo pariwo mọ́ ọn, "Ẹ má ṣe é, Bàbá! Òwú kan ṣoṣo tó bá kù síbẹ̀, kò ní í jẹ́ kí ilẹ̀kùn rẹ̀ pa dé." Alájà gbọ́ ọ níbi tó jókòó sí, mo rí i pé ó mi orí. Orí mi wú. Mo to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síbẹ̀, mo fi wáṣà tuntun sábẹ́ wọn, mo dì wọ́n, mo dá páìpù padà. Ohun tó kù ò ju kí n fa atẹ́gùn tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jí kúrò nínú pọ́ǹpù, ká sì ta á jí.

Níbi tí mo ti ń dá páìpù padà ni ọgbọ́n burúkú ti sọ sí mi lọ́kàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá jí, omi ni. Bí kò bá jí, kò sí ìyàwó. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọ̀la ló máa jí ńkọ́? Tí mo bá fi atẹ́gùn sílẹ̀ nínú pọ́ǹpù, tí mo sọ pé ó ń sinmi, tí mo padà sí Ojòwò, tó bá di ọ̀la kí n pe bàbá atukọ̀ lórí fóònù, kí n júwe sukúrù tó máa tú fún un, ẹ́ńjìnnì á jí. Bàbá á fúnra rẹ̀ gbé e lọ sí òdìkejì. Èmi á gba ìyìn, mi ò ní í fojú kan omi. Ọgbọ́n náà dùn mọ́ mi débi pé mo rẹ́rìn-ín.

Bàbá ta ẹ́ńjìnnì. Ó yí, ó yí, kò jí. Mo nu ọwọ́ mi bí ẹni tó mọ nǹkan tó ń ṣe.

"Màmá, ẹ má mikàn. Fááfù tuntun ni. Ó gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú kó tó mọ ara pọ́ǹpù."

"Kó sùn?" ni Alájà wí. "Ṣé ìrìn àjò ló ti dé ni?"

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, Màmá."

"Ṣé ká bá a tẹ́ ẹní?"

Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Alájà dìde, ó di aṣọ mọ́ra, ó fẹsẹ̀ wọ omi wá sínú ọkọ̀, ó na ọwọ́ gba sípánà lọ́wọ́ mi. Ó ní bísímílà, ó fọwọ́ kan sukúrù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù, ó tú u díẹ̀, ó wá ń tẹ ibi tí wọ́n fi ń fa dísẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú àtàǹpàkò. Ìfófó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ó ń hó ṣìì, ṣìì, bí ẹni ń ṣòfófó mi.

"Atẹ́gùn rèé. Ọkọ mi lo ẹ́ńjìnnì yìí títí ó fi kú, èmi ni mò ń di iná mú fún un tó bá ń tún un ṣe. Ta ló fi atẹ́gùn síbẹ̀?"

"Mo gbàgbé ni, Màmá."

Ó dá sípánà padà fún mi jẹ́jẹ́. "Ó dáa. Mọkálíìkì tó gbàgbé atẹ́gùn ò mọ iṣẹ́. Máa padà lọ, ọmọ mi. Mo dúpẹ́."

Mo wo ọ̀rẹ́bìnrin mi létí omi, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Orúkọ iṣẹ́ mi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, tàbí ojú mi tí mo fi ń ṣe ọkùnrin, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀kan nù. Mo tún dọ̀bálẹ̀, nínú ọkọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, mo sì dojú ọ̀rọ̀ mi kọ ilẹ̀ ọkọ̀ nítorí mi ò lè wo ojú Alájà.

"Màmá, mi ò gbàgbé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ ni. Ẹ̀rù omi ló ń bà mí."

Ọmọ rẹ̀ pariwo láti etí omi, "Ọ̀ṣun tó o ní o là já ńkọ́?"

"Orí afárá ni mo gbà."

Bàbá atukọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí bátìrì. Alájà ò rẹ́rìn-ín. "O wá fẹ́ kí bàbá yìí bá ẹ wọ̀ ọ́ lọ́la, kí ìwọ wà nílé?" Ó nàka sí ẹ́ńjìnnì, ó ní, "Ẹni tó ń bẹ̀rù omi ló tún ọkọ̀ mi ṣe. Dìde, jókòó. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó bóyá ó bẹ̀rù tó ẹni tó máa tún un ṣe dáadáa." Ó pe ọmọ rẹ̀ pé kí òun náà máa bọ̀. Ìyá jókòó sí iwájú, ọmọ jókòó tì í.

Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, mo tún wọ ìkejì lé e. Mo mú sípánà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ nọ́ọ̀tì wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà.

"Ọ̀gá," ni bàbá wí, "a fẹ́ wọ ọkọ̀ ni o, a ò fẹ́ fi ṣe ilé ẹ̀wọ̀n."

Ibi tí mo ti wá ń sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí rèé. Nígbà tí mo dé orí ìkẹta, nọ́ọ̀tì páìpù rẹ̀ yí lábẹ́ sípánà bí ìdérí ìgò. Ìka lásán ni mo fi dì í. Níbi tí mo ti ń pète bí mo ṣe máa sá, mo gbàgbé láti fi sípánà fà á le. Mo wú ikọ́ tí kì í ṣe ikọ́, mo fi bo ọ̀rọ̀ náà, mo dì í. Lẹ́yìn náà mo fa ìyókù atẹ́gùn kúrò lẹ́nu nọ́sù, bàbá ta ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan, ó jí. Ó dún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ọmọ tó yó.

A lọ, a bọ̀. Mi ò lè ṣàpèjúwe ọ̀sà náà fún yín nítorí ojú mi ò kúrò lára pọ́ǹpù. Mo sọ fún wọn pé mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ni, mo sì dì í mọ́ra débi tí ó jó mi lápá. Nígbà tí a gúnlẹ̀, Alájà ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá fún mi, ó ní òun mọ̀ láàárọ̀ pé mi ò tíì jẹun.

Ọmọ rẹ̀ ló ń bá mi gbé di òní. Ìyá náà wà láyé, ó ti darúgbó, kò sì yéé sọ fún àwọn èrò tó bá ń lọ́ tìkọ̀ pé kí wọ́n wọlé, pé ojo ẹ̀dá kan ló tún ọkọ̀ òun ṣe. Àwọn ọlọ́kọ̀ mìíràn létí omi náà ń gbé pọ́ǹpù wọn wá bá mi, gbogbo wọn ló sì ń fi àṣà yẹn dè mí. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n wẹ̀. Mo ṣì máa ń fi sípánà padà sórí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti gbà pé ẹ̀rù yẹn ló ń bá mi ṣiṣẹ́ jù. Ní ti nọ́ọ̀tì kẹta, mo ti rò ó títí. Ká ní mo sá lọ lọ́jọ́ náà, bàbá arúgbó yẹn ni ì bá dá wà láàárín omi pẹ̀lú rẹ̀. Ìyàwó mi máa ka ohun tí mo kọ yìí, yóò sì kà á fún ìyá rẹ̀. Mo ti mọ̀ pé Alájà á gbọ́ ọ dé ìparí, á sì ní kí n wá tún gbogbo nọ́ọ̀tì ọkọ̀ òun yẹ̀ wò, kí n sì wọlé.