Àwa Méjì àti Ọkùnrin Tí Kì í Kíni ní Sankaryaré

Mo lè gbàgbé ohun tí mo jẹ láàárọ̀ òní, ṣùgbọ́n n kò lè gbàgbé ohun tí èmi àti ìyá aránṣọ ará àdúgbò Paspanga ṣe nítorí ọkùnrin kan ní ọjà Sankaryaré. Mo kàwé ní yunifásítì Ouagadougou nígbà tí àwọn tó ń lọ síbẹ̀ kò tíì pọ̀, mo sì ṣiṣẹ́ ní bùró kan ní Koulouba títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwé tàbí ti bùró lẹ́nu mi àfi tó bá bi mí. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí nìkan ni mo máa ń dá sọ.

Kí n kọ́kọ́ sọ irú ènìyàn tí mo jẹ́. Láti kékeré ni ariwo ti máa ń gún mi létí bí abẹ́rẹ́. Bí ènìyàn mẹ́ta bá ń sọ̀rọ̀ pọ̀, n kì í gbọ́ ti ẹnì kankan. N kì í lè wo ojú ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Ní yunifásítì, ẹ̀yìn tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ bá ti jẹun tán ni mo máa ń lọ jẹ tèmi, wọ́n sì sọ mí ní Kábíyèsí, nítorí wọ́n rò pé ìgbéraga ni. Bàbá mi, oníṣòwò tó ti ilẹ̀ Benin wá, gbà pé ìwé àkàjù ló fà á. Mo ti lé ní ogójì ọdún kí dókítà kan tó sọ fún mi pé ohun náà ní orúkọ, pé ọtísìmù ni wọ́n ń pè é. Ó ní kì í ṣe àìsàn tí à ń wá oògùn sí, pé bí Ọlọ́run ṣe dá ọpọlọ àwọn kan nìyẹn. Mo jáde, mo jókòó sórí alùpùpù mi lábẹ́ igi dóńgóyárò, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ìyá aránṣọ ni ẹni kejì tí mo mọ̀ tó rí bẹ́ẹ̀. Nàgó ni, Yorùbá ilẹ̀ Benin láti apá Kétu, ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ. Kì í lọ sí ọjà láìfi òwú dí etí. Bí oníbàárà bá ṣèèṣì fọwọ́ kàn án léjìká, ó ti bínú nìyẹn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ dókítà fún un, kò yà á lẹ́nu.

Ó ní, "Ṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá orúkọ fún un ni? Èmi ti mọ̀ ọ́ láti ọjọ́ tí o wá ran ṣòkòtò, tí ò ń bá ògiri mi sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Mà, ẹ̀yin náà ò wojú mi lọ́jọ́ náà."

"Kí ni mo fẹ́ wò níbẹ̀?"

Báyìí ni iṣẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, ọ̀gá ológun tó gba ìjọba lọ́dún 1987 ṣì wà lórí àga, ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé àwòrán rẹ̀ tó wà ní bùró wa ti ṣá. Bí àwọn ará wa ní Ouagadougou bá ní ẹni tó ti dàgbà nílé, tí wọ́n ní kò gbọ́n tó tàbí pé ẹ̀mí kan ń dà á láàmú, àwọn ènìyàn á ní kí wọ́n lọ bá aránṣọ àti akọ̀wé, ìyẹn àwa méjì. A kì í ṣe oníṣègùn. Ohun tó ń ṣe wọ́n ń ṣe àwa náà, a sì ti wá ọgbọ́n kan tàbí méjì dá sí i. Ìyẹn nìkan la ní.

Obìnrin tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù ní Sankaryaré wá bá wa ní ọjọ́ Àìkú kan. Pìyẹ́ẹ̀sì ni a ń pe ẹ̀yà ara alùpùpù níbẹ̀, mọtó sì ni a ń pe alùpùpù. Òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ń ṣe ṣọ́ọ̀bù tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Àbúrò yìí ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Òun ló ń to ọjà, kò sì sí nọ́ọ̀tì tó kéré tó tí kò mọ ibi tó wà. Bí o bá gbé bẹ́ríńgì lé e lọ́wọ́, yóò sọ irú mọtó tí o ti yọ ọ́ láìwò ó. Ṣùgbọ́n kì í kí ènìyàn.

Ẹni tí kì í ṣe Yorùbá lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó. Àwa ni a ní ìkíni fún ẹni tó jókòó, fún ẹni tó dúró, fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́, àti fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun dé. Ní ìlú onílùú, láàárín àwọn tó ń sọ Mooré àti Dioula, ìkíni la fi ń mọ ara wa. Ọkùnrin yìí sì ti kọjá níwájú Bàbá Alága, olórí ẹgbẹ́ àwọn ará wa, nígbà mẹ́ta, bí ẹni kọjá lára òpó iná. Oníṣòwò àgbà tó ti Gánà kó wá ni Bàbá Alága, òun ló sì dúró bí bàbá fún tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú. Ó ti pàṣẹ pé kí wọ́n mú ọkùnrin náà lọ sí ilé ìwòsàn ìbílẹ̀ kan ní abúlé wọn ní Benin. Ó fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti dé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so àgbàlagbà mọ́ ìtí igi níbẹ̀, òjò ń pa á.

Obìnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, n kò fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́ tí màá fi sọ pé rárá fún Bàbá?"

Ìyá aránṣọ ní, "Fi sílẹ̀ fún wa. Ohun tó ń ṣe é kò ṣàjèjì."

Ibẹ̀ la ti ṣìnà. A rò pé kò yẹ ká bi í. Ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀bù wọn gan-an ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà bàbà wà, tó ń pariwo láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Èmi kò lè dúró níbẹ̀ ju kí n ka ení, èjì lọ. A wo ara wa, orí wa wú: ariwo yìí ló ń pa á, òun ni kò jẹ́ kó lè kí ènìyàn. A mú òun àti àpótí nọ́ọ̀tì rẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn ilé ìyá aránṣọ ní Paspanga. A ti fèrèsé, a ta kátínnì tó nípọn, a sọ fún gbogbo ilé kí wọ́n máa yọ́ rìn. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fún mi nírú yàrá bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo lè dọ̀bálẹ̀ fún un títí di òní.

Lọ́jọ́ kẹta, kò jẹun mọ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ó da gbogbo nọ́ọ̀tì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ gbá ògiri, gbà, gbà, gbà, títí ọwọ́ fi wú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá wò ó, ó sunkún.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní ẹ mọ̀ ọ́n."

Bàbá Alága gbọ́ sí i. Ó ránṣẹ́ sí mi ní bùró pé kí oníwèé má dá ara rẹ̀ láàmú mọ́, ọkọ̀ Benin ń gbéra ní Sátidé tó ń bọ̀.

Ọjọ́ yẹn ni ìyá aránṣọ wọ yàrá náà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà, kò kọjú sí i. Àwọn méjèèjì ń wo ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa nọ́ọ̀tì, kékeré sọ́tọ̀, ńlá sọ́tọ̀. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wá bi í pé:

"Kí ni kò sí níbí?"

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ̀rọ ọkà."

"Kí ló ń ṣe fún ọ?"

"Ó ń bo ariwo ẹnu ènìyàn mọ́lẹ̀."

"Kí ló ń dùn ọ́ nígbà náà?"

"Ọwọ́ àwọn ènìyàn. Wọ́n máa ń ti ẹ̀yìn gbá mi léjìká kí n lè kí wọn."

Ìyá aránṣọ bojú wẹ̀yìn wò mí. Ojú tì wá. Àwa tí inú ń bí nítorí pé ayé ń fi òye tirẹ̀ wọ̀n wá, a ti gbé etí tiwa lé ọkùnrin yìí lórí.

Ọjọ́rú la dá a padà sí Sankaryaré. A yí tábìlì rẹ̀ padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè kan ògiri, kó má sí ẹni tó lè ti ẹ̀yìn fọwọ́ kàn án, a sì jẹ́ kí iwájú rẹ̀ kọjú sí ẹ̀rọ ọkà. Ó jẹ àwo ìrẹsì méjì lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìkíni ṣì wà nílẹ̀, Bàbá Alága sì ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ láti fi àṣẹ rẹ̀ lélẹ̀ níwájú ẹbí.

Ó dé lórí mọtó rẹ̀ àtijọ́, agbádá funfun wà lọ́rùn rẹ̀. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tí ọkùnrin náà fi sọ̀rọ̀, orí rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí nọ́ọ̀tì.

"Bàbá, ṣéènì yín ti lọ́ra. Láti àná ni. Bẹ́ẹ bá sáré, yóò já."

Bàbá Alága dúró. "Èmi lò ń bá wí?"

"Ẹ̀yin ni."

"O ò gbójú sókè wò mí, báwo lo ṣe mọ̀ pé èmi ni?"

"Mo gbọ́ mọtó yín láti ìkòríta. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń gbọ́ yín."

Mo rí i pé àkókò ti tó. Ìbẹ̀rù kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ láàárín èrò, ṣùgbọ́n mo kọjú sí ẹ̀rọ ọkà, mo sì sọ ọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn tó ń dọ̀bálẹ̀ fún yín láti àná, mélòó nínú wọn ló béèrè àlàáfíà ṣéènì yín?"

"Akọ̀wé, ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Ẹ̀rọ ọkà ni àbí èmi?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Bí mo ṣe ń sọ tèmi nìyí. Bí òun ṣe ń kí yín nìyẹn."

Bàbá Alága pe mẹkáníìkì Mossi tó wà nítòsí, ìyẹn tẹ̀ ba mọtó, ó fọwọ́ gbé ṣéènì, ó ní ó ti lọ́ra lóòótọ́. Bàbá sọ pé barka fún un, ìyẹn "o ṣé" ní èdè Mooré. Lẹ́yìn náà ló wá síwájú tábìlì. Ó na ọwọ́ sí èjìká ọkùnrin náà, ìyá aránṣọ wúkọ́, Bàbá sì fa ọwọ́ náà padà, ó fi í tọ́ irùngbọ̀n ara rẹ̀.

Ó ní, "Bá mi wá ṣéènì mìíràn." Ó yí sí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà: "Sọ fún dírẹ́bà Benin pé kó má dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá tún gbá a léjìká, èmi ni yóò wá rí."

Obìnrin náà kúnlẹ̀.

Ní Sátidé, ọkọ̀ lọ. Mo gba ìsinmi ní bùró, ohun tí n kì í ṣe, mo lọ jókòó ní Sankaryaré, mo fi òwú dí etí bíi ti ìyá aránṣọ. Ọkùnrin náà ń to bẹ́ríńgì. Kò kí mi, àfi pé ó ní pulọ́ọ̀gì mọtó mi ti dọ̀tí. Mo ti gbàwé ẹ̀rí ní yunifásítì níṣojú bàbá mi, pẹ̀lú aṣọ dúdú àti àtẹ́wọ́, inú mi sì dùn dáadáa nígbà náà. Kò tó ti Sátidé yẹn.

Láàárín ọdún kan, ó di ẹni kẹta wa. Ẹbí kan mú obìnrin kan tó ti tó ogójì ọdún, tí kì í sọ̀rọ̀, wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èmi àti ìyá aránṣọ ṣì ń jiyàn lórí ibi tó yẹ ká fi í sí nígbà tí ọkùnrin náà dìde, ó sún àga rẹ̀ sápá kan, ó sì gbé àpótí nọ́ọ̀tì kan sí ìdajì tábìlì tó ṣófo. Kò wo obìnrin náà. Nígbà tó di ọ̀sán, obìnrin náà ti to nọ́ọ̀tì dé ìlà kẹrin.

Ìyá aránṣọ ní, "Akọ̀wé, jẹ́ ká máa lọ sílé. Wọ́n ń ṣiṣẹ́."