Orúkọ Tí Aládùúgbò Wa Gbé Ti Ojú Òkun Wá

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ká eyín iwájú, West End ni à ń gbé níbí ní Atlanta, nítorí pé bàbá mi ń kàwé ní ọ̀kan nínú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ibẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Suwanee, tí ẹ kò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé òdìkejì títì yín, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bí àwa ṣe gbé pẹ̀lú aládùúgbò.

Bàbá onírun funfun kan, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ló ń dá gbé nínú ilé tó kàn wá. Alásè ni nínú ọkọ̀ ojú omi ológun kan nígbà ogun Hitler. Ọkọ̀ náà kò tóbi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa sin àwọn ọkọ̀ ńlá ẹlẹ́rù la òkun kọjá, kí ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ọ̀tá má baà rì wọ́n. Orúkọ awakọ̀ bàálù kan ni wọ́n fi sọ ọkọ̀ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó kú sójú ogun láìgbéyàwó, láìbímọ. Aládùúgbò wa kò fojú kàn án rí, síbẹ̀ bí ó bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ ó rò pé ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Ó máa ń sọ pé inú orúkọ ọmọ yẹn lòun sùn sí títí ogun fi parí.

Lọ́dún tí ìyá mi bí àbúrò mi ọkùnrin, ẹnì kan tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ náà pè é lórí fóònù pé wọ́n ti ta ọkọ̀ wọn fún àwọn tó ń gé irin. Láti ọjọ́ náà, bàbá tó máa ń bá wa rojọ́ lórí fẹ́ǹsì títí ọbẹ̀ á fi jóná kò sọ̀rọ̀ mọ́. Kì í ṣe irin ló ń dùn ún. Ó sọ fún bàbá mi pé bí wọ́n bá gé ọkọ̀ yẹn tán, kò ní sí ohun kan láyé tó tún ń jẹ́ orúkọ ọmọ náà.

Bàbá mi ní kí ó wá síbi ìsọmọlórúkọ wa kí ara rẹ̀ lè yá. Àwa náà kò kúkú ní bàbá àgbà ní Atlanta. Akẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo Yorùbá tó wà nítòsí, irùngbọ̀n ẹni tó dàgbà jù nínú wọn kò sì tíì kún àgbọ̀n. Bàbá mi ṣàlàyé fún un pé àgbà tó bá wá á mú orúkọ kan dání fún ọmọ, a kì í sì í kọ orúkọ tí àgbà bá mú wá. Ohun tó gbàgbé láti ṣàlàyé ni bí a ṣe ń sọ ọ́.

Nígbà tí ọjọ́ pé, oyin tí a rí rà wà nínú ike tí wọ́n ṣe bíi béárì. A kò rí atare, ni bàbá mi bá bu ata dúdú inú súpámákẹ́ẹ̀tì dípò rẹ̀, gbogbo ilé sì ń sín. Báyìí ni aládùúgbò wa wọlé nínú aṣọ funfun tó wọ̀ lójú ogun. Ikùn rẹ̀ kì í ṣe ti ìgbà ogun mọ́, bọ́tìnnì kan ti já lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé ìgò wáìnì kan dání, ó ti fi aṣọ wé e kí àfọ́kù má baà ta séèyàn lára. Ó kí ìyá mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì onígi tí ọmọ sùn sí, ó ń wá ibi tó le jù. Ìgbà tó na ìgò sókè ni a tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ onírùngbọ̀n yẹn tó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ìyá mi ti gbé ọmọ dé kíṣìnì. Bàbá náà ní ìyá awakọ̀ bàálù yẹn ló fọ́ ìgò mọ́ ọkọ̀ lára lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ yẹn gan-an lòun mú wá, òun kò sì fẹ́ yọ nǹkan kan kúrò nínú ètò rẹ̀. Nígbà tí mo ń sọ èyí lọ́jọ́ Sunday, ọmọ ọmọ mi kan ní, "Grandma, wait, so wọ́n fẹ́ hit Uncle pẹ̀lú bottle?" Mo ní rárá o, bẹ́ẹ̀dì ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá mi gbọ́ orúkọ náà, ojú rẹ̀ yí padà. Èwo ni ká fi orúkọ ẹni tó kú ní rèwerèwe, tí kò bímọ, sọ ọmọ tuntun? Bẹ́ẹ̀, bàbá mi ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé a kì í kọ̀ ọ́.  Aládùúgbò wa rí ojú ìyá mi, ó sì yé e. Ó gbé ìgò rẹ̀, ó fẹ́ máa lọ.

Ìyá mi ní kí bàbá mi dá a dúró. "Ẹ bá mi bi wọ́n, ọkọ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé ó rì ni?"

Ó ní kò rì. Ó ní gbogbo àwọn tó bá a lọ ló bá a bọ̀ láìfarapa, àfi òun tí òróró gbígbóná jó lọ́wọ́.

Ìyá mi mí kanlẹ̀. "Ẹ sọ fún wọn pé a ti gbà á. Kì í ṣe lọ́wọ́ òkú la ti gbà á o, lọ́wọ́ ọkọ̀ ni, èyí tó kó ọmọ ọlọ́mọ délé, tó sì darúgbó." Ó gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Bàbá náà sunkún, mi ò ní purọ́ fún yín, ata dúdú sì bá a dá sí i.

Àbúrò mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, Tucker nítòsí ibí ló ń gbé báyìí. Ó ń bẹ̀rù omi, kì í sì í wọ bàálù àfi tó bá di dandan, ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò bímọ ti di orúkọ bàbá àgbà.

Ayé ti yàtọ̀. Kí ọmọ tó délẹ̀ báyìí, orúkọ rẹ̀ ti wà lára kéèkì. Diaper là ń gbé lọ, a ó ya fọ́tò, a ó jẹun, ó parí. Mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n níbi ìsọmọlórúkọ tí mo lọ ní Suwanee lóṣù tó kọjá, mo mú orúkọ kan dání. Ti aládùúgbò wa ni, nítorí òun náà kò bímọ. Mo jókòó títí wọ́n fi pín ráìsì tán, kò sẹ́ni tó bi mí, mo sì gbé e padà wálé. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá bímọ nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi mí.