Ẹja Kìnnìún Nínú Pálọ̀ Wa ní Gorton

Lásìkò tí gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ń ra tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ, ẹja lèmi ń rà ní tèmi. Táńkì gíláàsì kan wà nínú pálọ̀ wa ní Gorton nílùú òyìnbó níbí, omi oníyọ̀ ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú òkúta àti ẹja kéékèèké márùn-ún. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, ló ni wọ́n. Ó máa ń kí wọn láàárọ̀ kó tó lọ sí school.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi fa wàhálà. Mo rí lionfish kan, ẹja kìnnìún, ní ṣọ́ọ̀bù ẹja kan ní Hyde Road, ilà pupa àti funfun wà lára rẹ̀, lẹbẹ rẹ̀ fẹ̀ bí agbádá. Jẹ́jẹ́ ló ń rìn, bí olóyè tó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Ọlọ́ṣọ́ọ̀bù kìlọ̀ fún mi pé ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ lóró, ó ní kí n má sì fi í sáàárín ẹja kéékèèké. Mo ní mo ti gbọ́. Irọ́ ni, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, márùn-ún ti di mẹ́ta. Mo rí bó ṣe ń ṣe é. Yóò tẹ́ lẹbẹ, yóò rọra tì wọ́n sí kọ̀rọ̀, àwọn yẹn yóò sì dúró máa wò ó, torí wọn ò mọ̀ ọ́n lọ́tàá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa ń yanu. Nígbà tí ọmọ mi bi mí pé àwọn yòókù dà, mo ní wọ́n sá pamọ́ sẹ́yìn òkúta ni. Ojú tì mí, àmọ́ ẹja náà ti rẹwà jù.

Ìyá mi, tó wá kí wa láti Ẹ̀pẹ́, tó sì dàgbà sétí ọ̀sà, wò ó lẹ́ẹ̀kan péré.

"Ṣé èyí náà ni ẹ ń pè ní àlejò? Ata mi dà?"

Nígbà tó ku ẹja yẹ́lò kan ṣoṣo, ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún un kó tó sùn. Ara mi ò gbà á mọ́. Bùrọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n da lionfish náà sínú canal, odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ láàárín ìlú. Mo fi lọ ọlọ́ṣọ́ọ̀bù lórí fóònù, ló bá gbaná jẹ. Ó ní omi canal tí kò níyọ̀ á pa á lójú ẹsẹ̀. Pé irú ìdànù bẹ́ẹ̀ ló gbé irú ẹja yìí dé òkun apá Amẹ́ríkà, níbi tí kì í ṣe ilé rẹ̀. Ó ti ń jẹ ẹja onílé tán níbẹ̀, títí kan àwọn tó ń jẹ ewéko kúrò lára òkúta iyùn, ewéko sì ti ń bo iyùn mọ́lẹ̀. Mo wo táńkì mi, mo ní kò purọ́.

Òun ló bá mi wá ọkùnrin kan ní Ramsbottom tó ní táńkì ńlá. Ó fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbé e lọ ní Saturday.

"Ọbẹ̀ mi ló gbé lọ yẹn o," ni ìyá mi wí.

Ọmọ mi kúnlẹ̀ síwájú táńkì. "Dádì, ó ti lọ. Ẹ sọ fún àwọn yòókù kí wọ́n máa jáde bọ̀."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá tèmi ò bẹ̀ mí rí títí tó fi kú, n ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ọmọ.

"Má bínú," ni mo sọ. "Wọn ò sá pamọ́. Ó ti jẹ wọ́n, mo sì mọ̀. Irọ́ ni mo pa fún ẹ."

Ó fọwọ́ lé mi léjìká. "I know, Dádì. Grandma told me ages ago. Ẹ̀yin ni mo ń dúró dè kí ẹ sọ ọ́."