Ìlà 7 Tó Jókòó Lókè

Rédíò ni Àríyọ̀ ń tún ṣe tẹ́lẹ̀ ní Òkìtìpupa. Nígbà tí kò sẹ́ni tó ń gbé rédíò wá mọ́, ó lọ kọ́ iṣẹ́ tẹlifóònù tó ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kì í fi iṣẹ́ náà pariwo. Ẹni bá bi í bó ṣe ń ṣiṣẹ́, á ní ẹ̀rọ á gé ohùn èèyàn wẹ́wẹ́, á kọ ibi tó ń lọ sára ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ẹni tó ni epo sára kẹ́ẹ̀gì ní gáréèjì, á wá tò wọ́n jọ lọ́hùn-ún. Ó parí.

Ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan ní Igbótako gbé iṣẹ́ fún un. Wọ́n ní ẹ̀ka ní Àjàgbà, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì fóònù ọwọ́ kì í dúró sójú kan. Àríyọ̀ gbé ẹ̀rọ kan àti díìṣì tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì látojú ọ̀run síbẹ̀, ó gbé ìkejì rẹ̀ sí Igbótako. Ó fún fóònù orí pẹpẹ Igbótako ní nọ́ńbà 21, ó fún ti ilé àgbà àgbẹ̀bí ibẹ̀ ní 32. Wòlíì Adébọ̀wálé, olórí ìjọ, ò gbà.

"Àríyọ̀, kí ni mo fẹ́ fi 21 ṣe? Àbẹ́là méje là ń tàn níbí. Fún pẹpẹ ní 7. Fún àgbẹ̀bí ní 77."

"Bàbá, ẹ̀rọ ò mọ àbẹ́là o."

"Ìwọ ṣáà kọ ọ́."

Ó kọ ọ́. Nínú ẹ̀rọ náà, ìlà-ìlà ni wọ́n ń to nọ́ńbà. Bí èèyàn bá ń tẹ nọ́ńbà, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ láti òkè, á máa wo ìlà tó bá a mu. Èyí tó bá kọ́kọ́ bá a mu, ibẹ̀ ló ń darí ìpè sí. Wòlíì ní pẹpẹ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, 7 bá jókòó lókè. Wọ́n tẹ 7, ó dún, ìjọ kígbe halelúyà. Wọ́n gbé pùpùrù àti ọbẹ̀ ẹja fún Àríyọ̀. Ó jẹ, ó lọ. Kò tẹ 77 wò.

Oṣù yẹn ò tíì parí tí Juliet ọmọ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí ní Àjàgbà. Oyún àkọ́kọ́ ni. Àríyọ̀ àti Desmond, ọkọ ọmọ náà, dúró síta ilé àgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀. Lucy, tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀bí, ló wà nínú ilé. Lọ́sàn-án gangan, ó sáré jáde.

"Ẹsẹ̀ lọ́mọ fi ń bọ̀! Ẹ bá mi pe Ìyá Salome!"

Ìyá Salome ni àgbà àgbẹ̀bí, ní Igbótako ló wà. Fóònù ọwọ́ ò rí nẹ́tíwọ̀kì. Desmond fò mọ́ fóònù ṣọ́ọ̀ṣì, ó tẹ 77. Ó ń dún, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún un tẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀rọ yín ò ṣiṣẹ́!"

"Ṣebí ó ń dún?"

"Níbo ló ti ń dún?"

Ìbéèrè yẹn já Àríyọ̀ láyà. 7 àkọ́kọ́ tí Desmond tẹ̀, ẹ̀rọ ti mú un, kò dúró de èkejì. Orí pẹpẹ Igbótako ni ìpè ń lọ, wòlíì nìkan ló sì ń wọ ibẹ̀. Wòlíì ti lọ sí Òkìtìpupa láti àárọ̀. Ìyá Salome wà nínú ilé tirẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, fóònù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dákẹ́ lọ́lọ́.

"Ṣé kí n fà á?" Lucy ń ké láti inú ilé.

Àríyọ̀ gba wáfáì ṣọ́ọ̀ṣì wọ inú ẹ̀rọ látorí fóònù ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé ìlà 77 gun orí ìlà 7. Ó ní kí ẹ̀rọ máa dúró díẹ̀, bóyá nọ́ńbà ṣì kù lẹ́yìn.

"Tẹ̀ ẹ́!"

Desmond tẹ̀ ẹ́.

"Àlàáfíà o. Ta nìyẹn?" Ohùn Ìyá Salome ni.

Desmond ní ẹsẹ̀ lọ́mọ fi ń bọ̀. Wọ́n na fóònù gba ojú fèrèsé wọlé, wọ́n jẹ́ kó máa ké sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. Àríyọ̀ di wáyà mú, ó kọjú sí òde.

"Lucy, má fà á o!" Ìyá Salome ní. "Káwọ́ ẹ kúrò. Jẹ́ kó máa bọ̀ fúnra ẹ̀. Desmond, o ò ní lọ wá ọkọ̀ tó máa gbé wọn lọ sí ọsibítù? Ṣé ìwọ lo fẹ́ bímọ ni?"

Desmond sáré lọ.

"Ó ti dé ìdodo, mà."

"Ó dáa. Fi aṣọ gbígbẹ bò ó. Juliet, ọmọ mi, tí inú bá mú ẹ, ìgbà yẹn ni kó o tì."

Juliet ké. Ó ti ọmọ jáde. Ọmọ bá figbe ta.

"Ìgè dé!" Ìyá Salome ń pariwo láti Igbótako. "Akọ ni àbí abo?"

"Abo ni, mà!"

"Ìyá ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń bú Desmond."

"Ara ẹ̀ le nìyẹn."

Àríyọ̀ jókòó sílẹ̀ nínú iyanrìn, ẹ̀rín ń pa á, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Desmond gbé ọkọ̀ dé, wọ́n kó ìyá àtọmọ lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ wọ́n wò, ó ní kò sí ewu. Nígbà tí wọ́n máa fi wá bàbá àgbà láti wá gbé ọmọ, ó ti sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù, ẹnu rẹ̀ là gbayawu.

"Ẹ fi bàbá mi sílẹ̀," Juliet ní. "Àwa méjèèjì la jọ rọbí."