Olùkọ́ Tó Ń Fi Apá Aṣọ Nu Pátákó

Mo ṣì máa ń rántí apá ẹ̀wù olùkọ́ wa ní àdúgbò Kalley, tí ṣọ́ọ̀kì ti sọ di funfun. Bó bá ti gbúròó ọkọ̀ ṣọ́jà, á yára fi apá ẹ̀wù náà nu ohun tó kọ sójú pátákó. Owó yuréníọ̀mù, ohun àlùmọ́nì tí wọ́n ń wà nílẹ̀ wa, ń wọ Niamey, olú-ìlú wa, nígbà náà, àwọn ṣọ́jà ló sì ń ṣèjọba.

"Àkàsọ̀ ni ilé-ìwé," ló máa ń wí, "àmọ́ ẹ wo ẹni tó di ìdí rẹ̀ mú."

Bàbá mi, tó ń ta aṣọ ní ọjà Petit Marché, gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ó mirí: "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́."

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ ní kí àwọn tó ní iná mànàmáná nílé bọ́ sọ́tùn-ún, kí àwa alátùpà bọ́ sósì. Ojú tì mí. Ó wá kọ ọ́ sójú pátákó: "Apá wo ló máa ń yege ìdánwò?"

Ọmọ ọ̀gá ṣọ́jà kan tó wà ní kíláàsì wa ròyìn rẹ̀ délé.

Ní ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ ni àwọn ṣọ́jà fi rìn wá. Olùkọ́ ò gbúròó ọkọ̀ kankan. Ìbéèrè náà ṣì wà lójú pátákó nígbà tí wọ́n mú un lọ. A ò rí i mọ́.

Kí olùkọ́ tuntun tó lanu sọ̀rọ̀, a ti jókòó fúnra wa: àwọn oníná lọ́tùn-ún, àwa alátùpà lósì.