Lẹ́tà Tí Mi Ò Kà Tán

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án ní Peckham nílùú òyìnbó, kò sí ohun tó ń já mi láyà bíi lẹ́tà. Aunty Lan, ará Vietnam tó ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa, ló ń tọ́jú mi tí mo bá ti iléèwé dé, torí Mummy ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù kan ní Camberwell. Ogun ló lé Aunty Lan kúrò nílùú wọn. Ọkọ̀ ojú omi méjì ni ìdílé wọn wọ̀, a ò sì gbúròó èyí tí ọkọ wọn wà nínú rẹ̀ mọ́.

Ilé wọn máa ń ta sánsán ẹja àti atalẹ̀. Ṣòkòtò ni wọ́n ń rán fún ilé iṣẹ́ kan. Èmi àti Mai, ọmọ wọn, la máa ń gé òwú tó bá yọ. Tá a bá ṣe tán, wọ́n á bu ìrẹsì fún wa, ẹyin dídín á wà lórí rẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ kan tún wà tó jẹ́ tèmi nìkan: èmi ni mò ń ka lẹ́tà gẹ̀ẹ́sì fún wọn, torí Mai ò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bá wọn wá ọkọ wọn. Mo ṣí i. “Ó dùn wá . . .” Bí lẹ́tà kan tí mo ti kà fún wọn rí, tó sọ ikú àbúrò wọn, ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn! Mo ká ìwé náà padà, mo parọ́ pé gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le jù fún mi.

Aunty Lan wo ojú mi, wọ́n sì pa máṣíìnì.

“Ó ti kú?”

Mo tẹjú mọ́lẹ̀. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n di ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan mú. Mai ń sọ fún mi pé ebi ń pa òun. Báyìí la wà títí Mummy fi dé ní aago mẹ́fà.

Mummy kà á tán láìdúró.

“Lan, ó dùn wọ́n pé èsì wọn pẹ́ ni! Ọkọ ẹ wà láàyè. Ó wà ní àgọ́ kan ní Hong Kong.”

Igbe tí Aunty Lan ké, gbogbo ilé tó wà ní àjà wa ló gbọ́. Ni Mummy bá ní kí n kúnlẹ̀, kí n nawọ́ sókè. “Ẹni tó ka ìlà kan ò tíì ka ìwé,” ni wọ́n wí. Aunty Lan ló fà mí dìde, tó gbá mi mọ́ra. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn ká ní wọ́n gbá mi létí.

Ó lé lọ́dún kan kí ọkọ wọn tó dé, ó gbẹ bí igi. Ẹ̀yìn mi ni Mai sá sí, kò dá bàbá rẹ̀ mọ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, lóde òní, kí omi tó wà lórí iná tó hó, èèyàn á ti rí ojú ará ilé rẹ̀ lórí fóònù. Ó dára. Àmọ́ láti ìgbà òtútù ni obìnrin kan tó sá fún ogun ti kó dé òkè ilé mi pẹ̀lú ọmọ méjì. Ká ní Mummy ni, wọn ì bá ti gbé abọ́ oúnjẹ lọ kí i. Èmi ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà lójoojúmọ́, mi ò tíì mọ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn.