Ọkùnrin Tó Ń Ṣí Fìlà fún Kámẹ́rà

Ohun pàtàkì kan wà tó yẹ kí gbogbo ayé mọ̀ nípa Eilif Brattli: kì í kọjá níwájú kámẹ́rà láì ṣí fìlà.

Orí òpó ni kámẹ́rà náà wà, ó kọjú sí òkè yìnyín tó rọ̀ dẹ̀dẹ̀ sórí ọ̀nà wa. Oòrùn ló ń jẹ, àwòrán rẹ̀ sì ń wọ fóònù gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, láàárọ̀. Láràárọ̀ ni Eilif ń gòkè lọ nu sólà rẹ̀, torí òun ni wọ́n fi ṣọ́ ọ̀nà: bí yìnyín bá ti yọ ikùn lókè, òun ni yóò ti ọ̀nà pa kó tó ya lu ọkọ̀. Tó bá nu ún tán, yóò bọ́ síwájú kámẹ́rà, yóò ṣí fìlà, kí Gunnvor ìyàwó rẹ̀ lè rí i nínú fóònù pé ọkọ òun ò tíì jábọ́.

Tí Kérésìmesì bá ku ọ̀la, a máa ń so ìdì ọkà mọ́ òpó kí àwọn ẹyẹ náà lè ṣọdún. Òpó kámẹ́rà ló sì ga jù ládùúgbò.

"Eilif, kámẹ́rà ìjọba lo fẹ́ sọ di búkà ẹyẹ?" ni Gunnvor wí.

"Ṣé kí wọ́n wá máa gbààwẹ̀ lọ́jọ́ ọdún ni?"

Ó so ọkà náà, ó ṣí fìlà, ó sọ̀kalẹ̀. Ojú ọ̀run mọ́ bíi dígí. Ọdún kì í ṣe ìgbà iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, Eilif ò sì gòkè lọ mọ́. Àwọn ẹyẹ lọ ní tiwọn. Wọ́n jẹun, wọ́n bà lé sólà, wọ́n sì ṣe ohun tí ẹyẹ tó yó máa ń ṣe. Ó dì gbagidi bo sólà. Kámẹ́rà ò rí oòrùn jẹ mọ́. Ó kú, ó fi àwòrán ìkẹyìn rẹ̀ sílẹ̀ lójú fóònù. Lẹ́yìn náà ni ìjì wá ń kó yìnyín jọ lókè.

Màlúù ò mọ Kérésìmesì, torí náà Trygve, àbúrò Eilif, wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú ọkọ̀ wàrà. Ó pè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, báwo lòkè? Ṣé kí n máa bọ̀?"

Ẹran àgùntàn gbígbẹ kún ẹnu Eilif. Ó wo fóònù. Òkè mọ́ kedere. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bàbá àgbàlagbà kan ń ṣí fìlà. Ó ti ń rí bàbá yẹn láràárọ̀ títí ojú rẹ̀ ò fi rí i mọ́.

"Máa bọ̀ jàre, kí ẹran tó tutù."

Ajá ló wá rí ọkọ̀ wàrà náà lábẹ́ yìnyín, àti Trygve nínú rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó bá Eilif wí. Lọ́dọ̀ wa, a kì í báni wí. Kéèkì la máa ń gbé lọ bá ọlọ́fọ̀. Kéèkì kún tábìlì wọn. Gunnvor nìkan ló sọ̀rọ̀.

"Ìwọ gan-an lo wà nínú àwòrán yẹn, Eilif. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iwájú mi níbí lo jókòó sí."

Eilif ń gé kéèkì.

Wọ́n ti fọ sólà, kámẹ́rà sì ń jẹ oòrùn rẹ̀ padà. Eilif ṣì ń gòkè láràárọ̀. Gunnvor á jókòó ti fóònù títí ọkùnrin náà á fi yọ, á ṣí fìlà, òkè á mọ́ kedere lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ bá wa wò ó: báwo ni obìnrin náà ṣe fẹ́ mọ̀ pé àwòrán tòní ni?